Ẹ Fi Ojú Ọ́dítọ̀ Wo Ìwé HMO Yín: Ṣe àti Má Ṣe fún Ilé Iṣẹ́ Oníṣirò Owó Kéékèèké

Ilé iṣẹ́ oníṣirò owó tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ní Ìkẹjà tàbí Bódìjà kò ní ẹ̀rọ ńlá, kò sì ní ọjà tó kó sí ilé ìkẹ́rùsí. Ènìyàn ni gbogbo ohun tó ní. Bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ bá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní oṣù kẹta, nígbà tí iṣẹ́ ọ́díìtì ń wọ́ wọlé, gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá á yá a ní owó oṣù tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún, àwọn ẹlẹgbẹ́ á dá owó jọ lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n kan á sì fi ìyókù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná sórí ìwòsàn ní Nàìjíríà, ó tó méje tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀.

Adójútòfò ìlera àjùmọ̀ṣe wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó lè rí àṣìṣe kọ́bọ̀ kan nínú ìwé oníbàárà ló máa ń fọwọ́ sí ìwé HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò adójútòfò ìlera, láì ṣí ojú ewé kejì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣe: Ẹ ka iye òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ sì mọ ohun tí òfin sọ. Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó fi NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, rọ́pò NHIS àtijọ́. Òfin náà sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dárúkọ agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ní pàtó. Láyé NHIS, mẹ́wàá ni wọ́n máa ń kà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké fi ṣì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Ní Èkó, Gómìnà Sanwo-Olu tún fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù keje 2024 láti mú un lágbára ní ìpínlẹ̀ náà.

Ìdí mìíràn wà fún àwọn tó ń du iṣẹ́ ọ́díìtì lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba pàṣẹ pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba mú ìwé ẹ̀rí adójútòfò ìlera tí NHIA fún un wá pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù. Ilé iṣẹ́ tí kò ní in lè pàdánù iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wo iye owó tó kọ.

Má ṣe: Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àwọn adójútòfò yòókù. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san fún NSITF, ti ẹni tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ ni. Adójútòfò ẹ̀mí tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 béèrè, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún òṣìṣẹ́, ti ẹbí ẹni tó kú ni. Kò sí èyí tó máa ra oògùn fún ọmọ tí ibà ń ṣe nínú méjèèjì.

Ṣe: Ẹ mọ ọ̀nà mẹ́ta tó wà kí ẹ tó yan ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní ni ètò àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ NHIA. Níbẹ̀, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń san: agbanisíṣẹ́ san mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ san márùn-ún. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ owó oṣù àti àjẹmọ́nú ni ẹ fi ṣírò, ó di ìdá 3.25 láti ọwọ́ yín àti 1.75 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ètò yìí bo òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òṣìṣẹ́ á san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ìpínlẹ̀. Èkó ní LASHMA pẹ̀lú ètò Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, Ògùn ní OGSHIA. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ń san ₦40,000. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ lónìí. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ ra ètò HMO aládàáni, tó sábà máa ń wọ́n jù, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù.

Bí ilé iṣẹ́ kò bá tíì ju ẹni mẹ́wàá lọ, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi gbogbo ènìyàn sínú ètò ìpínlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá ra ti HMO lé e lórí bí agbára bá ṣe tó. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àjọ ìpínlẹ̀ yín láti béèrè bóyá ètò HMO nìkan tó lójú òfin wọn. Ẹ tọ́jú èsì náà sínú fáìlì.

Má ṣe: Ẹ má fi iye owó nìkan yan HMO. Ibí yìí ni ojú ọ́dítọ̀ ti wúlò jù. Alágbàtà á fi ìwé méjì síwájú yín, ẹ ó sì rí nọ́ńbà ńlá méjì lókè: iye tí ẹ ó san, àti gbèdéke gbogbo ìtọ́jú lọ́dún. Gbèdéke ńlá yẹn kọ́ ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn. Àwọn gbèdéke kéékèèké inú tábìlì àǹfààní ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦60,000 lórí ẹnì kan lọ́dún, gbèdéke rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà. Ti èkejì jẹ́ ₦75,000, gbèdéke rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á mú ti àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú tábìlì, iṣẹ́ abẹ lábẹ́ ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ₦150,000, ti èkejì sì gba ₦500,000. Bí òṣìṣẹ́ kan bá nílò iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì lóru, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦450,000, ètò àkọ́kọ́ á já a sílẹ̀ pẹ̀lú gbèsè ₦300,000. Ẹ̀yin jèrè ₦15,000 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦120,000 lórí ẹni mẹ́jọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló pàdánù ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ èrè yẹn, ọ̀dọ̀ yín náà ló sì máa ti wá yáwó.

Nítorí náà, ẹ ṣí ṣíìtì Excel, kí ẹ kọ àwọn ètò náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ béèrè gbèdéke iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ ìbímọ, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, fífọ kíndìnrín, àrùn jẹjẹrẹ, àwòrán MRI, eyín, àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ẹ béèrè ti awò ojú àti ti fisiọ́tẹ́rápì náà, nítorí ẹni tó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní pẹ́ nílò wọn. Bí alágbàtà bá ní "ó wà nínú rẹ̀", ẹ ní kó fi ìlà tó wà hàn yín. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí.

Ṣe: Ẹ béèrè àsìkò ìdúró. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú ọ́fíìsì yín, ẹnì kan lè máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìkọ̀kọ̀, ẹlòmíràn ní àtọ̀gbẹ, ọmọ ẹnì kan ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ ètò HMO kì í sanwó fún àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ títí oṣù díẹ̀ á fi kọjá, àwọn mìíràn sì fi gbèdéke kékeré sí i. Ti oyún tún wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá ni ọ̀pọ̀ máa ń ní kí obìnrin dúró kí ètò tó sanwó ìbímọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ oníṣirò kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìdánwò ICAN, tó sì ń gbéyàwó láàárín ọdún kan náà.

Àǹfààní ńlá tí ẹgbẹ́ ní nìyí: HMO lè fojú fo àsìkò ìdúró náà bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá wọlé pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí kì í ṣe àwọn aláìsàn nìkan ni ẹ fi ránṣẹ́. Wọn kì í sábà fúnra wọn sọ ọ́. Ẹ dúnàádúrà lórí èyí ju bí ẹ ṣe ń dúnàádúrà lórí owó lọ.

Má ṣe: Ẹ má gba ìtàn àìsàn òṣìṣẹ́ sọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù HMO máa ń béèrè genotype, oògùn tí ènìyàn ń lò, àti iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí akọ̀wé gbà lórí ìwé, kó tò wọ́n sórí tábìlì. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó nílò ìṣọ́ra àkànṣe. Kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí HMO tààrà, kó sì kọ òtítọ́, nítorí àìsàn tí ènìyàn bá fi pamọ́ lè di ìdí tí wọn kò fi ní sanwó.

Ṣe: Ẹ yan ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì wà. Ọ́fíìsì lè wà ní Ìkẹjà, kí òṣìṣẹ́ máa bọ̀ láti Sángo, Àkúté, Ìbafò tàbí Mówé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ètò Ìlera Èkó ni ẹ rà fún un, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó máa lò lóru ọjọ́ Sátidé tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí kò bá sí ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání, ẹ wá ètò míì fún ẹni yẹn.

Iṣẹ́ yín sì ń gbé ènìyàn káàkiri. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn mìíràn wà nílé, àwọn ọmọ yín wà ní ilé ìkẹ́rùsí oníbàárà ní Ọ̀tà tàbí Àgbárá, wọ́n ń ka ọjà. Ẹlòmíràn á lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Àkúrẹ́ lórí ìwé ilé iṣẹ́ kòkó. HMO tí kò ní ilé ìwòsàn kankan lójú ọ̀nà wọ̀nyí kò bá iṣẹ́ yín mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta nínú àwọn tó wà lórí àkọsílẹ̀. Kó dé ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gba káàdì, kó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń gba káàdì HMO yìí?" Ìdáhùn lè jẹ́: "À ń gbà á, ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ wá lówó láti oṣù kejì. Ibà nìkan là ń wò fún wọn báyìí." Ẹ kò ní rí gbólóhùn yẹn nínú ìwé pélébé tí alágbàtà mú wá.

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yan ilé ìwòsàn kó má sì dé ibẹ̀. Lábẹ́ ètò NHIA, ilé ìwòsàn tí ẹnì kan bá yàn ń gba owó kan lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ó ṣàìsàn o, kò ṣàìsàn o. Ní 2025, àjọ náà gbé owó yìí láti ₦750 sí ₦1,450. Ẹni tí kò bá tíì lọ forúkọ sílẹ̀, kó ṣí fáìlì, kó mú fọ́tò lọ, á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àìsàn, wọ́n á sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ààbọ̀ ọjọ́ kan láti lọ ṣe èyí láàárín oṣù àkọ́kọ́. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò bí wọ́n bá ti débẹ̀.

Ṣe: Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kóòdù. Bí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ bá fẹ́ tari aláìsàn síwájú, HMO gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù ìyọ̀ǹda. Lórí kóòdù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. NHIA ti pàṣẹ ní 2025 pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ èyí, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n béèrè sílẹ̀, kí wọ́n sì ní nọ́ńbà HMO lórí fóònù wọn àti ti aya tàbí ọkọ wọn. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, òfin ìlera ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn láyè láti kọ ìtọ́jú fún ẹnikẹ́ni, káàdì wà o, kò sí o.

Má ṣe: Ẹ má ṣèlérí fún òṣìṣẹ́ pé ètò náà á bo òbí rẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí a bá sọ fún ọmọ pé "a ti bo ẹbí rẹ", ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Màmá wà ní Ìṣẹ́yìn, ọmọ ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lóṣooṣù. Ètò òṣìṣẹ́ kò bo òbí. Àwọn HMO kan á gbà kí ẹ fi wọ́n kún un pẹ̀lú owó tó ga, ọ̀pọ̀ sì ní gbèdéke ọjọ́ orí. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ran ọmọ náà lọ́wọ́ láti ra ètò ìpínlẹ̀ fún màmá níbi tí màmá ń gbé, kí ẹ máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀ bó bá fọwọ́ sí i. Owó kékeré ni lójú ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí òṣìṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni.

Má ṣe: Ẹ má fi awakọ̀ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin ń kà. Mi ò sì rí ìdí tí ọ̀gá fi máa wà ní ìpele tó ga jù, tí ẹni tó ń gbé fáìlì kiri ìlú lórí ọ̀kadà á wà ní ìpele tí kò ní iṣẹ́ abẹ. Bí owó kò bá tó fún gbogbo yín lókè, ẹ jọ sọ̀ kalẹ̀ sí àárín.

Ṣe: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé owó bó ṣe yẹ. Òfin owó orí tuntun ti 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, gbà kí a yọ owó tí òṣìṣẹ́ dá sí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ kúrò kí a tó ṣírò owó orí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe PAYE fún àwọn oníbàárà, ẹ má gbàgbé ti àwọn ọmọ yín. Ẹ fi ìlà ọ̀tọ̀ sí owó tó lọ sínú ètò ìjọba, ìlà ọ̀tọ̀ sí ti HMO aládàáni. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin alájọni lẹ ni ilé iṣẹ́, ẹ ya owó tí ẹ san lórí ara yín àti ẹbí yín sọ́tọ̀ kúrò lára ti òṣìṣẹ́. Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà nìyẹn. Èyí tí òṣìṣẹ́ máa san, kó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ kan.

Ṣe: Ẹ yan ẹnì kan tó máa gba ẹjọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ kékeré tí wọ́n dá padà ní ilé ìwòsàn kì í sábà sọ ọ́ fún ọ̀gá. Á yọ owó tirẹ̀ san, á sì gbà pé káàdì náà kò wúlò. Kí ẹni tí ẹ yàn máa kọ ọjọ́, ilé ìwòsàn àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí HMO. Bí wọn kò bá dáhùn, kó kọ̀wé sí NHIA tàbí àjọ ìpínlẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí kan náà ni ẹ ó fi dúnàádúrà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣe: Ẹ fi orúkọ ẹni tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí ẹ yọ ti ẹni tó lọ. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá owó oṣù tó kù nínú ọdún nìkan ni ẹ máa san lórí ẹni tuntun, àti bóyá ẹ lè gbé àyè ẹni tó lọ fún ẹlòmíràn.

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìsọdọ̀tun bọ́ sí ìgbà ọ́díìtì. Bí ètò bá ń parí ní ìparí oṣù kejìlá tàbí oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó máa ráyè ka ìwé tuntun. Ẹ ó fọwọ́ sí ohunkóhun tí HMO bá fi ránṣẹ́. Ẹ mú oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, kódà bí ọdún àkọ́kọ́ kò bá ní pé oṣù méjìlá. Ní oṣù méjì ṣáájú, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ iye tí ilé iṣẹ́ yín lò, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bí HMO bá fẹ́ fi owó kún un, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ yẹn ṣàlàyé. Ẹ san owó kí ọjọ́ tó pé, nítorí bí àlàfo bá wà láàárín, àwọn HMO kan máa ń bẹ̀rẹ̀ àsìkò ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ti dúró oṣù mọ́kànlá nínú méjìlá á sì tún di ẹni tuntun.